Ọdún kẹrin ni mo wà ní civil engineering, mo gba máàkì nínú hydrology àti hydraulics, àmọ́ omi fúnra rẹ̀ kò yé mi

Ọmọ_Ìsọ̀kùn:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ọ̀gá wa. Iléṣà ni ilé wa, apá Ìsọ̀kùn. Ìsinmi ni mo wá lò nílé, mo sì fẹ́ tún ohun kan ṣe nínú ìmọ̀ mi kí n tó padà sílé-ìwé.

Mo gba 62 nínú fluid mechanics ní ọdún kejì. Mo gba 58 nínú hydraulics ní ọdún kẹta. Sáà tó kọjá yìí ni mo ṣe hydrology, mo gba 66. Ẹni tó bá wo èsì mi á ní kò burú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, òjò ńlá kan rọ̀. Gọ́tà iwájú ilé wa kún, omi gun títì, ó wọ ṣọ́ọ̀bù màmá mi, ó ba àpò ẹlúbọ́ méjì jẹ́. Nígbà tí òjò dá, màmá yíjú sí mi. Wọn ò bínú rárá, wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ ni. Wọ́n ní: "Ìwọ tí o ń kọ́ nípa omi, ṣé omi yìí ló pọ̀ jù ni, àbí gọ́tà ló kéré?" Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, n kò rí nǹkan kan sọ. Ó dùn mí dé ọkàn. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n ti ń ta ẹlúbọ́ yẹn láti fi san owó ilé-ìwé mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ó ti dí mi lójú. Fọ́múlà Manning, mo lè fi ojú dídì kọ ọ́: V = (1/n) × R^(2/3) × S^(1/2). V ni eré omi, S ni bí gọ́tà ṣe dagẹ̀rẹ̀ tó, n ni bí ara rẹ̀ ṣe rí gbágungbàgun tó, R sì ni àyè tí omi gbà nínú gọ́tà pín sí gígùn ara gọ́tà tí omi ń kàn. Nínú ìdánwò, wọ́n á ti fún wa ní n, 0.013 tàbí 0.015. Ta ló wọ̀n ọ́n? Báwo ni mo ṣe máa mọ n ti gọ́tà tó wà níwájú ilé wa?

Òjò ńlá tí wọ́n ń pè ní òjò àádọ́ta ọdún náà tún wà níbẹ̀. Ohun tí mo gbà lọ́kàn ni pé bí ó bá rọ̀ lọ́dún yìí, ó di àádọ́ta ọdún sí i kó tó tún rọ̀. Olùkọ́ wa ní kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ṣàlàyé, ṣùgbọ́n kò wọ̀ mí lára.

Hydraulic jump ńkọ́? Àwa mọ́kànlá la yí ọ̀pọ́n onígíláàsì tí omi ń gba inú rẹ̀ kọjá ká lọ́jọ́ tí a ṣe é nílé-ìwé. Èmi ni mo ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀, n kò ráyè gbójú sókè wo omi. Mo mọ ìṣirò rẹ̀, n kò mọ ìdí tí omi tó ń sáré lọ á fi ṣàdéédé ga sókè.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n gbé iṣẹ́ àṣekágbá mi lọ sí structures, ẹ̀ka òpó, ilé àti afárá, pé ibẹ̀ ni owó wà. Ọkàn mi ò gbé kúrò lára omi. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Òpó_Kọnkéré:

Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò. Structures ni èmi ṣe, iṣẹ́ náà sì ń bọ́ mi. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún ọ: kò tíì sí ilé tàbí ọ̀nà kan tí mo bá wọn kọ́ tí omi kò bá mi jà níbẹ̀. Ìpìlẹ̀ tí a gbẹ́ kún fómi. Ògiri tí a fi dá erùpẹ̀ dúró tẹ̀ síwájú nítorí a kò ṣe ihò tí omi á gbà jáde lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà kọ̀ọ̀kan, mo ní láti lọ wá ẹni tó mọ omi.

Ọ̀rọ̀ ìdánwò nìkan ni mo lè fi kún un: kọ́kọ́ ya àwòrán omi náà kí o tó kọ fọ́múlà. Ya ilẹ̀, ya ojú omi, fi ọfà sí ibi tí ó ń lọ. Kí o sì máa kọ mítà àti ìṣẹ́jú-àáyá sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo nọ́ńbà. Nínú àwọn àṣìṣe tí mo ṣe nílé-ìwé, mílímítà tí mo pè ní mítà ló pọ̀ jù.

Ẹ̀gbọ́n_Lágere:

Ọmọ Ọ̀bokún, bá mi kí màmá gidigidi. Ọlọ́run á fi ìlọ́po rọ́pò ẹlúbọ́ náà.

Ilé-Ifẹ̀ ni mo ń gbé, iṣẹ́ gọ́tà, afárá abẹ́ títì àti ọ̀nà abúlé ni mo ń ṣe láti bí ogún ọdún. Mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá rẹ ti pín kọ́ọ̀sì méjèèjì fún ọ, o kò kàn mọ̀ ni. "Ṣé omi ló pọ̀ jù?" Hydrology nìyẹn. "Ṣé gọ́tà ló kéré?" Hydraulics nìyẹn. Ọ̀kan ń wá iye àlejò tó ń bọ̀, èkejì ń wo ẹnu ọ̀nà bóyá wọ́n á gbà á wọlé. Ẹ kọ́ wọn ní sáà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìwé wọn yàtọ̀, ẹ sì rò pé ohun méjì ni. Lẹ́bàá gọ́tà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n.

Jẹ́ kí n sọ bí èmi ṣe mọ̀ ọ́n. Ọdún tí mo parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, mo wà lọ́dọ̀ agbaṣẹ́ṣe kan tó ń la ọ̀nà abúlé kan láàárín Ifẹ̀ àti Òṣú. Odò kékeré kan dábùú ọ̀nà náà, ẹ̀ẹ̀rùn sì ni, omi rẹ̀ kò bo kókósẹ̀. Páìpù kọnkéré tó fẹ̀ ní 600 mm ló wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, òun la rì mọ́ abẹ́ títì. Kò sẹ́ni tó ṣírò nǹkan kan. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé-ìwé, tí orí mi ṣì gbóná fún ìṣirò, n kò la ẹnu mi. Nínú oṣù Kẹsàn-án, omi gun orí títì, ó gbẹ́ erùpẹ̀ ẹ̀gbẹ́ páìpù náà, ó gbé ọ̀nà lọ. Mo débẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo rí obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n, tó ru agbọ̀n ọsàn, tó ń wọ́dò ní ibi tí a ti sọ fún wọn pé mọ́tò á máa kọjá. N kò gbàgbé ojú obìnrin náà títí dòní.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo jókòó ṣe ìṣirò tó yẹ kí n ti ṣe ṣáájú. Mo wo àwòrán ilẹ̀, ilẹ̀ tó ń da omi sí odò yẹn jẹ́ bí hẹ́kítà 25, ìyẹn 0.25 km². Oko kòkó wà níbẹ̀, ilẹ̀ tí wọ́n ti ro gbalaja náà wà, nítorí náà mo fi C sí 0.45. Ìtumọ̀ C kò ju èyí lọ: nínú òjò mẹ́wàá tó bọ́ sílẹ̀, mélòó ló di àgbàrá, mélòó ni ilẹ̀ mu? Mo fi òjò sí 95 mm ní wákàtí kan. Q ni iye omi tó ń bọ̀, 0.278 ló sì ń sọ mm ní wákàtí àti km² di kúbíìkì mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá: Q = 0.278 × 0.45 × 95 × 0.25. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kúbíìkì mítà 3 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Páìpù wa ńkọ́? Inú rẹ̀ kò ju 0.283 m² lọ. Bí omi bá tilẹ̀ ń sáré ní mítà 2 ní ìṣẹ́jú-àáyá, kò lè gbà ju 0.57 lọ. Omi mẹ́ta, ẹnu ọ̀nà kò gba odindi kan. Ìlà méjì péré nínú ìwé, òun ni ìbá gba ọ̀nà náà là.

Fọ́múlà Q yẹn, ọmọ ilẹ̀ Ireland kan tó ń jẹ́ Mulvany ló gbé èrò rẹ̀ kalẹ̀ ní 1851. Ní Ireland náà ni Manning ti ṣiṣẹ́, 1889 ni tirẹ̀. Àwọn tí òjò ń pa láìdáwọ́ dúró ló ronú wọn. Kì í ṣe ohun tí wọ́n dá sílẹ̀ láti fi yọ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu.

Wàá bi mí pé níbo ni 95 mm ti wá. Ìbéèrè tó dára jù nìyẹn. Òjò tó ń rọ̀ ní Ifẹ̀ lọ́dún kan tó bí 1,400 mm, ṣùgbọ́n nọ́ńbà yẹn kò wúlò fún gọ́tà. Àgbẹ̀ ló nílò rẹ̀. Ohun tí gọ́tà ń bẹ̀rù ni ọ̀wààrà: mélòó ló rọ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí ogún? O máa kọ́kọ́ mọ iye àsìkò tí ẹ̀kán omi tó jìnnà jù lọ lókè á fi rìn dé ibi tí o dúró sí. Bí ó bá jẹ́ ìṣẹ́jú 20, òjò ìṣẹ́jú 20 ni kí o wá, nítorí ìgbà yẹn ni gbogbo ilẹ̀ náà á jọ máa da omi wá lẹ́ẹ̀kan náà. Wo Ìbàdàn. Omíyalé Ògùnpa ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, 1980. Omíyalé ńlá mìíràn tún wáyé níbẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ, 2011. Oṣù Kẹjọ tí àwa ń pè ní ìgbà tí òjò ń sinmi! Ẹni tó bá fi àròpọ̀ oṣù tàbí ọdún ṣe gọ́tà, irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ló ń tú u fó.

Ó kan òjò àádọ́ta ọdún. Gbàgbé kàlẹ́ńdà. Wá àpò kan, ka ọmọ ayò 50 sínú rẹ̀, kí o fi ẹfun kun ọ̀kan. Lọ́dọọdún, di ojú rẹ, fa ọ̀kan yọ, wò ó, kí o sì dá a padà. Èyí tí a fi ẹfun kùn ni òjò àádọ́ta ọdún. Bí o bá fà á lọ́dún yìí, o ti dá a padà sínú àpò, ó sì lè tún bọ́ sí ọ lọ́wọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Àpò kì í rántí. Wàyí, ká ní o ṣe afárá tí wọ́n fẹ́ lò fún ọdún 25. O máa fa ọmọ ayò nígbà 25. Kí o má rí oníẹfun rárá jẹ́ 0.98 tí a sọ di pọ̀ nígbà 25, ìyẹn bí 0.60. Nítorí náà, ìdá 40 nínú 100 ni pé òjò náà á dé bá afárá rẹ. Nígbà tí mo mọ èyí ni mo tó mọ̀ pé ẹni tó yan "àádọ́ta ọdún" ń yan ewu tí àwọn ará abúlé á máa bá gbé.

Hydraulic jump, o lè rí i nílé ìdáná lónìí. Gbé àwo pẹrẹsẹ sábẹ́ ẹ̀rọ omi, kí o ṣí i. Níbi tí omi ti bọ́ sí, ó tẹ́, ó dán, ó ń sáré. Lẹ́yìn náà, wàá rí òrùka kan yí i ká, omi ga lójijì, ó sì ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Òrùka yẹn gan-an ni. Omi tó ń sáré ju bí ìgbì kékeré ṣe lè rìn lórí rẹ̀ lọ kò lè gbọ́ ìròyìn ohun tó wà níwájú. Kò mọ̀ pé omi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kan ti wà níbẹ̀ títí tó fi kọ lù ú. Agbára tó gbé wá, ibẹ̀ ló ti ná an, ló fi ń hó yàà. Bí o bá fẹ́ mọ èyí tí omi kan jẹ́, ju òkúta wẹ́wẹ́ sí i. Bí ìgbì rẹ̀ bá lè gòkè padà sí ibi tí omi ti ń bọ̀, omi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni. Bí omi bá gbé gbogbo ìgbì lọ sísàlẹ̀, omi eré ni. Nígbà tí o bá wá sí Ifẹ̀ lásìkò òjò, lọ síbi ìsédò Ọpa nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, kí o dúró ní ibi ààbò, kí o wo ibi tí omi tó kún àkúnya ti ń bọ́ sílẹ̀. Má ṣe kọ nọ́ńbà kankan. Wò ó ṣáá.

Ní ti n: kì í gbé inú ìwé. Ìwé kàn ń sọ ohun tí àwọn ẹlòmíràn bá pàdé ni. Ara gọ́tà ló ń gbé, bí ó ṣe dán tàbí bí ó ṣe rí gbágungbàgun. O lè wọ̀n ọ́n fúnra rẹ. Lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀, fi okùn wọn mítà 10 níbi tí gọ́tà ti ṣe gbọọrọ, ju ọsàn kan sínú rẹ̀, ka ìṣẹ́jú-àáyá. Ojú omi máa ń yára ju inú rẹ̀ lọ, nítorí náà sọ eré rẹ̀ di pọ̀ pẹ̀lú 0.85. Wọn fífẹ̀ àti jíjìn omi. Lẹ́yìn tí òjò bá dá, yá rọ́bà omi tí àwọn bíríkìlà fi ń wọn ilẹ̀ bóyá ó tẹ́jú, fi wo bí gọ́tà ṣe dagẹ̀rẹ̀ tó. Ohun gbogbo tó wà nínú fọ́múlà náà á wà lọ́wọ́ rẹ àyàfi n, òun ni wàá sì wá. Ṣọ́ra o, má bọ́ sínú gọ́tà nígbà tí omi bá ń sáré. Omi tó dé orúnkún lásán máa ń gbé àgbàlagbà.

Padà wá sọ ohun tí o rí.

Ìyá_Olómi:

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àṣekágbá ni mo fẹ́ dá sí. Obìnrin ni mí, iṣẹ́ omi ẹ̀rọ ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun yìí, mo sì ti fẹ̀yìn tì.

Wọ́n á sọ fún ọ pé owó wà nínú structures. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin, 1987, afárá Schoharie Creek ní ìpínlẹ̀ New York wó, èèyàn mẹ́wàá kú. Kọnkéré tó wà lójú kọ́ ló jìn wọ́n lẹ́sẹ̀. Omi odò ló gbẹ́ ilẹ̀ kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ afárá náà. Ẹni tó mọ òpó tí kò mọ omi, ìdajì afárá ló mọ̀.

Iṣẹ́ sì pọ̀ nílẹ̀ wa tí ọwọ́ kò tó. Odò Ọ̀ṣun láti ilẹ̀ Èkìtì ló ti ń bọ̀ kó tó gba Òṣogbo, níbi tí UNESCO ti forúkọ igbó Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 2005. Gbogbo wa la fojú rí i bí omi náà ṣe pọ́n bí ẹrẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn awakùsà wúrà ti ń tú ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wò. Mélòó ni erùpẹ̀ tí omi ń gbé lọ? Ibo ló ń dà á sí? Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìgò, òṣùwọ̀n àti sùúrù lè bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn ìyẹn.

Bí o bá ń wá èyí tó kéré sí i, wọn òjò. Agolo tí ẹnu rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ bákan náà tó, gbé e sí gbangba tí igi àti òrùlé kò bò, fi rúlà wọn ún láàárọ̀. Mílímítà kan lórí mítà kan níbùú lóòró jẹ́ lítà kan. Òrùlé yín tó bá gùn ní mítà 12, tó fẹ̀ ní mítà 10, òjò 50 mm á da lítà 6,000 sílẹ̀ láti orí rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 tó 240 nìyẹn, láti orí òrùlé ilé kan ṣoṣo. Gbogbo ilé tó wà lókè yín ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ sínú gọ́tà kan náà. Èmi fẹ́ràn kí àwọn ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin wa máa ronú bí wọ́n ṣe lè gba omi náà sílò, kí wọ́n má kàn máa lé e lọ.

Ọmọ_Ìsọ̀kùn:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á san án fún yín. Ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé tí n kò kọ nǹkan síbí, òjò ni mo ń dúró dè. Ó rọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Èmi àti àbúrò mi la jọ ṣe é, òun ló di fóònù mú láti fi ka àkókò. A ju ọsàn márùn-ún, ọ̀kan há sára ọ̀rá, a sì yọ ọ́ kúrò. Àwọn mẹ́rin tó kù lo bí ìṣẹ́jú-àáyá 8 fún mítà 10. Mítà 1.25 nìyẹn, mo sọ ọ́ di pọ̀ pẹ̀lú 0.85, ó di 1.06. Gọ́tà wa fẹ̀ ní 75 sẹ̀ǹtímítà, omi inú rẹ̀ jìn ní 32, ó sì ti dé etí. 0.24 m² nìyẹn. Nítorí náà, 0.255 kúbíìkì mítà ló ń kọjá níwájú ilé wa ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mo sọ fún màmá pé kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá ló ń kọjá kí wọ́n tó pajú dé. Wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́, wọ́n ní kí n tún un sọ.

Bàbá àgbà kan tó jẹ́ bíríkìlà ládùúgbò yá mi ní rọ́bà omi rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Gọ́tà náà fi 8 sẹ̀ǹtímítà rẹlẹ̀ nínú mítà 10, S jẹ́ 0.008. Ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tí omi ń kàn jẹ́ 0.75 + 0.32 + 0.32, ìyẹn mítà 1.39. R jẹ́ 0.24 pín sí 1.39, ìyẹn 0.173. Mo gbé gbogbo rẹ̀ wọ fọ́múlà, n jáde: 0.026. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta nítorí mo rò pé mo ti ṣìṣe. Kọnkéré ni gọ́tà yẹn, 0.015 ló yẹ kó jẹ́!

Ìgbà yẹn ni mo mú irin kan, mo fi gún ìsàlẹ̀. Kì í ṣe kọnkéré ni omi ń gbà kọjá. Yànrìn tó ga ní 28 sẹ̀ǹtímítà ló wà nísàlẹ̀, ọ̀rá àti ike pọ̀ nínú rẹ̀, koríko ti hù ní ẹ̀gbẹ́. Gọ́tà oní-60 ni wọ́n ṣe fún wa, a ń lo 32.

Mo wá ṣírò rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n kó yànrìn náà kúrò: jíjìn 0.60, n 0.015, ìdagẹ̀rẹ̀ kan náà. Ó gba 1.01 kúbíìkì mítà. Ìlọ́po mẹ́rin! Yànrìn náà kò tó ìdajì gọ́tà, ó sì gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára rẹ̀. Ó gba àyè lọ́wọ́ omi, ó tún dá a dúró lọ́nà. Ọdún méjì ni mo ti ń kọ R^(2/3), n kò mọ̀ pé ohun tí ó ń sọ nìyẹn.

Mo rin òkè ilé wa títí dé ibi tí omi ti pín sí apá kejì, mo fi máàpù fóònù wọn ilẹ̀ náà, hẹ́kítà 9. Òrùlé ló pọ̀ jù níbẹ̀, mo fi C sí 0.6. Òjò 90 mm ní wákàtí kan á mú 1.35 wá. Gọ́tà mímọ́ á gba òjò tó tó bí 67 mm ní wákàtí kan, èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ á kún jáde. Nítorí náà, mo ti dá màmá lóhùn: "Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, omi ló pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ìgbà, yànrìn ni." Wọ́n ní ìyẹn yé àwọn.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó tọ̀nà?

Ẹ̀gbọ́n_Lágere:

Ó tọ̀nà. Inú mi dùn débi pé mo ka ọ̀rọ̀ rẹ sókè fún ìyàwó mi.

Ohun méjì ni kí o kíyè sí. Àkọ́kọ́, o kún gọ́tà náà dé etí nínú ìṣirò rẹ. Fi bí 10 sí 15 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀ lókè. Lórí ìdagẹ̀rẹ̀ yín, bí ó bá mọ́ tán, omi á máa sáré ní 2.2, nọ́ńbà Froude rẹ̀, ìyẹn eré omi pín sí eré ìgbì kékeré lórí rẹ̀, á sì súnmọ́ 1. Omi tó bá wà níbẹ̀ kì í dúró sójú kan, ojú rẹ̀ á máa ru, á máa ta sóde. Ṣe ìṣirò náà padà, wàá rí i pé 67 yẹn á wálẹ̀.

Èkejì ló ṣe pàtàkì jù: ibo ni gọ́tà yín ń da omi sí? Lọ wo afárá abẹ́ títì tó wà nísàlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mú ṣọ́bìrì. Bí ẹ bá tú omi mẹ́rin sílẹ̀ lókè, tí ẹnu ìsàlẹ̀ gba ẹyọ kan, ilé ẹlòmíràn ni ẹ gbé omíyalé lọ. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò ní òun ò ní wólé, onílé ni kò ní gbà fún un. Onílé ìsàlẹ̀ náà, onílé ni.

Ọmọ_Ìsọ̀kùn:

Mo lọ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ àná. Ihò méjì ni afárá náà ní, ọ̀kan dí pátápátá, èkejì ṣí dé bí ìdajì. Ìyá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń ta gààrí, wọ́n fi ilà omi hàn mí lára ògiri wọn, ó dé orúnkún mi. N kò mọ̀ wọ́n rí, àná la ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé.

Àwọn onílé àdúgbò ń ṣèpàdé lọ́jọ́ Àìkú. Màmá ti bá alága sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n wá ṣàlàyé. Mo ti ya gọ́tà náà sórí páálí, pẹ̀lú yànrìn rẹ̀ àti láìsí yànrìn, mo sì kọ kẹ́ẹ̀gì dípò kúbíìkì mítà. Afárá ìsàlẹ̀ ni a máa kọ́kọ́ gbẹ́. Mo ti ní kí ìyá onígààrí náà wá sípàdé.